Kíkí Tó Kù Lẹ́nu Tíṣà Ògúntádé

Èmi ni mo máa ń dá sí ìjà Tíṣà Ògúntádé àti ọmọ rẹ̀, kì í sì í ṣe pé mo fẹ́ parí rẹ̀. Èmi gan-an ni mo ń dá a sílẹ̀. Tí wọ́n bá ti dé láti ṣọ́ọ̀ṣì Mẹ́tọ́díìsì lọ́jọ́ Sọ́ńdè, tí ìyá Kíkẹ́ ti wọ ilé ìdáná, màá sọ̀ kalẹ̀ láti òkè, nítorí èmi ni mo háyà òkè ilé wọn ní Sùúrùlérè. Màá jókòó sí fàràǹdá, màá ní, "Kíkẹ́, ẹ̀kọ́ èdè tí ò ń kọ́ yìí, ṣé sáyẹ́ǹsì ni àbí àlọ́?" Kò ní sí àlàáfíà mọ́ títí oúnjẹ yóò fi jinná.

Sylvester lorúkọ mi. Kẹ́mísìrì ni mo ń kọ́ àwọn ọmọ ní ilé ẹ̀kọ́ kan ní Yàbá, Theophilus Ògúntádé sì ń kọ́ wọn ní báyọ́lọ́jì nínú yàrá tó tẹ̀lé tèmi. Ọ̀rẹ́ mi ni, bó tilẹ̀ jẹ́ pé agídí ni. Kíkẹ́ nìkan ni ọmọ tí òun àti Edith ìyàwó rẹ̀ bí. Láti kékeré ni ó ti ń pe ọmọ náà ní dókítà. Ọmọ yìí yege nínú gbogbo sáyẹ́ǹsì tí a kọ́ ọ, ó dé yunifásítì tán, ó lọ yan ìmọ̀ èdè. Tíṣà kò nà án, kò sì lé e nílé, ṣùgbọ́n ó pẹ́ kó tó yé pè é ní akéwì.

"Omi tí mo bá gbé kaná ní Muṣin á hó," ni Tíṣà máa ń wí. "Èyí tí wọ́n gbé kaná ní London á hó. Kò bi ẹnikẹ́ni léèrè. Ṣùgbọ́n àwa èèyàn la jọ fẹnu kò pé ká máa pe omi ní omi. Ohun tí àwọn èèyàn bá fẹnu kò sí, òfin ìlú nìyẹn. Ẹ lọ máa kọ́ ọ ní kọ́ọ̀tù."

"Dádì, ta ló kọ́ mi ní Yorùbá?"

"Èmi àti ìyá rẹ ni."

"Ọjọ́ wo lẹ jókòó kọ́ mi? Ẹ kọ́ mi ní ìṣirò, mo rántí, nítorí ẹ nà mí. Ta ló nà mí kí n tó lè sọ̀rọ̀? Ẹ gbin ẹ̀wà sínú agolo, ó yọ, ó ń gun igi, ẹ ní sáyẹ́ǹsì nìyẹn. Ọmọ tí wọ́n bí sí Muṣin, tí ẹnikẹ́ni ò kọ́ ní nǹkan kan, kó tó bẹ̀rẹ̀ ilé ìwé ni ó ti ń sọ ọ̀rọ̀ tí kò gbọ́ lẹ́nu ẹnikẹ́ni rí. Ó ń hù jáde lára rẹ̀ ni. Àbí ẹ̀wà yẹn náà fẹnu kò pẹ̀lú ẹnì kan ni?"

Màá rẹ́rìn-ín títí omi á fi jáde lójú mi. Tíṣà kì í rẹ́rìn-ín. Á fa àga rẹ̀ súnmọ́ ọmọ náà.

"Fi hàn mí," á ní. "Mo lè la àkèré, kí n fi ọkàn rẹ̀ hàn ọ́ níbi tó ti ń lù. Ibo ni màá là kí n tó rí ọ̀rọ̀?"

"Inú ọpọlọ ni, sà. Apá òsì."

"Ìwọ gan-an, ǹjẹ́ o ti rí i?"

Kíkẹ́ á ní òun kò tíì rí i, àwọn tó rí i ló kọ ọ́ sínú ìwé. Tíṣà á gbé ọwọ́ sókè bí ẹni pé ẹjọ́ ti parí, á ní kí wọ́n gbé oúnjẹ wá. Inú Kíkẹ́ máa ń bàjẹ́ gan-an. Kì í ṣe ìjà lásán ni fún un, ó fẹ́ kí bàbá rẹ̀ gbà pé ohun tí òun ń ṣe dọ́gba pẹ̀lú ohun tí bàbá ń ṣe. Mo mọ̀, mo sì tún ń dá a sílẹ̀ lọ́jọ́ Sọ́ńdè tó ń bọ̀, nítorí mo fẹ́ràn láti gbọ́ bí àwọn méjèèjì ṣe máa ń sọ̀rọ̀.

Ní ìgbà òjò ọdún 1975, bàbá àgbà kan tó ti fẹ̀yìn tì ní rélùwéè kú ní Èbúté Mẹ́ta. Àwọn ọmọ rẹ̀ sin ín tán, èmi àti Tíṣà lọ kí wọn. Òjò ti pa wá díẹ̀. Tíṣà bọ́ fìlà rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà, ó ní, "Ẹ kú àṣẹ̀yìndè." Àkọ́bí òkú dìde láti dá a lóhùn. Tíṣà tún ní, "Ẹ kú àṣẹ̀yìndè," ó sì fẹ́ sọ ọ́ sí i, ni ẹnu rẹ̀ bá wọ́ sí ẹ̀gbẹ́ kan, ẹsẹ̀ rẹ̀ yẹ̀, ó sì ṣubú lé mi láyà.

Ní ọsibítù, wọ́n gba ẹ̀mí rẹ̀ là, mo sì dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn. Ẹ̀jẹ̀ ríru ló fà á, wọ́n ní. Apá ọ̀tún rẹ̀ ti rọ láti èjìká dé ẹsẹ̀. Wọ́n fún un ní oògùn tí kò gbọ́dọ̀ fò, wọ́n ní kó máa jẹun déédéé, wọ́n sì ní ká gbé e lọ sílé. Nígbà tí a gbé e délé ni a tó rí i dájú pé ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ló kù lẹ́nu rẹ̀.

"Ẹ kú àṣẹ̀yìndè." Ó fi ń béèrè omi. Ó fi ń kí ìyàwó rẹ̀ káàárọ̀. Nígbà tí ọbẹ̀ gbóná jù, òun ló fi kígbe. Ohùn rẹ̀ ń yí padà, ó ń gòkè, ó ń sọ̀ kalẹ̀, ó ń bẹ̀bẹ̀, ó ń bínú, ṣùgbọ́n kíkí kan náà ni. Tí o bá bi í pé ṣé ebi ń pa á, á mi orí pé bẹ́ẹ̀ ni. Tí o bá bi í pé ṣé òun ni gómìnà, á mi orí bákan náà. Kò pẹ́ tí gbogbo wa fi yé bi í ní nǹkan.

Mo fẹ́ kí ẹ rò ó wò. Èèyàn lọ kí aláìsàn, ó mú ọsàn dání, ó wọlé, aláìsàn tẹjú mọ́ ọn, ó sì kí i bí wọ́n ṣe ń kí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ sin òbí rẹ̀. Àǹtí Ethel tó ń kọrin nínú kúáyà wọn, ìyá rẹ̀ ṣì wà láàyè ní Abẹ́òkúta. Nígbà tó gbọ́ kíkí náà, ó gbàgbé bàtà rẹ̀ sẹ́nu ọ̀nà, inú òjò ló gbà lọ sí gáréèjì. Ìyá rẹ̀ ń ta iṣu níwájú ilé nígbà tó débẹ̀. Èmi rẹ́rìn-ín sí ìyẹn. Ṣùgbọ́n nígbà tí Tìrìmísíyù, mẹkáníìkì tó ń tún mọ́tò Tíṣà ṣe ní Muṣin, wá kí i, tí ó gbọ́ kíkí tirẹ̀, àárín ọ̀sẹ̀ yẹn náà ni wọ́n ránṣẹ́ sí i láti Ìsẹ́yìn pé bàbá rẹ̀ ti kú.

Ẹ̀rín tán lẹ́nu mi. Ìròyìn ti gba Muṣin kan, ó dé Sùúrùlérè kó tó di ọjọ́ kejì. Wọ́n ní òkú ló ń gba ẹnu Tíṣà sọ̀rọ̀. Àwọn kan ń yọjú lójú fèrèsé láti mọ̀ bóyá Tíṣà á kí wọn, àwọn mìíràn ń gba òdìkejì títì lọ. Kíkẹ́ bínú gan-an. "Gbogbo èèyàn ló ń kí bẹ́ẹ̀!" ó ní. "Ẹ ka àwọn tó kí tí nǹkan kan ò ṣe. Nínú gbogbo wọn tó ní bàbá arúgbó nílé, ṣé kò ní sí ẹnì kan tí bàbá rẹ̀ á kú ni?" Ó bọ́gbọ́n mu. Kò sí ẹni tó gbọ́ ọ.

Edith kò tilẹ̀ bá wọn jiyàn. Ọ́fíìsì ìjọba ló ti ń ṣiṣẹ́, á ti ibi iṣẹ́ dé, á wẹ ọkọ rẹ̀, á fún un lóúnjẹ, á fọ aṣọ tó ti bàjẹ́, á sì jókòó ti ibùsùn rẹ̀. Lọ́jọ́ kan tí àbúrò rẹ̀ obìnrin wá, mo wà níbẹ̀, ó ní, "Theophilus ti lọ. Ohun tó kù lórí ibùsùn yìí, mi ò mọ ẹni tó ni ín." Wọ́n sọ̀rọ̀ lórí ibi tí wọn á sin ín sí, bóyá Ògbómọ̀ṣọ́ ni tàbí Àtàn ní Yàbá. Edith mú kóòtù ọkọ rẹ̀ eléérú jáde, ó gbé e lé e láyà níbi tó dùbúlẹ̀ sí, láti mọ̀ bóyá ó ti tóbi jù fún un. Ọkọ náà ń wo àjà ilé. Ẹ má bínú sí obìnrin náà. Ó ti rẹ̀ ẹ́, ó sì fẹ́ràn ọkọ rẹ̀, ó fẹ́ kó jẹ́ pé ó ti parí.

Bó ṣe rí nìyẹn nígbà tí Bàbá Àkàngbé dé láti Ògbómọ̀ṣọ́. Ẹ̀gbọ́n Tíṣà ni. Òun ló fi owó oko rán an nílé ìwé nígbà tí bàbá wọn kú, Tíṣà kì í sì í jókòó níwájú rẹ̀ àfi tó bá ní kó jókòó. Gbádé ló ń pè é, orúkọ ilé rẹ̀. Ó wọ yàrá, ó fi orúnkún méjèèjì kúnlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùsùn, ó ní, "Gbádé, èmi ni." Tíṣà wò ó, omi bọ́ lójú rẹ̀, ó ní, "Ẹ kú àṣẹ̀yìndè." Bàbá àgbà náà jáde, kò sì jẹun lọ́jọ́ yẹn.

Lọ́jọ́ kejì ó pe gbogbo wa sí pálọ̀. Ilé àdúrà kan wà lórí òkè lẹ́yìn ìlú wọn, ó ní òun jẹ́ àgbà níbẹ̀. Wọn á gbààwẹ̀ lé e lórí, òun náà á gbààwẹ̀ pẹ̀lú wọn, títí ohun tó gba ẹnu rẹ̀ yóò fi fi í sílẹ̀. Ọkọ̀ á dé ní àárọ̀ Sátidé.

"Bàbá Ògbómọ̀ṣọ́, wọ́n ní kò gbọ́dọ̀ fo oògùn," ni Kíkẹ́ wí. Ó ti kúnlẹ̀. "Wọ́n ní kò gbọ́dọ̀ gbààwẹ̀. Tí wọ́n bá gbé Dádì lọ síbẹ̀, á kú. Ẹ jọ̀ọ́, sà."

"Ìyá rẹ ńkọ́? Kí ló wí?"

Edith ń wo ọwọ́ ara rẹ̀. "Kí wọ́n máa mú un lọ," ó ní.

Mo ti ń gbára dì láti bá bàbá yẹn jà, nítorí ẹnu mi kì í dákẹ́. Ṣùgbọ́n ó yí sí Kíkẹ́, ohùn rẹ̀ sì rọ̀. "Ọmọ mi, ṣé o rò pé mo kórìíra bàbá rẹ ni? Ẹni tí mo tọ́ kò sí nínú ara yẹn mọ́, mo fẹ́ lọ wá a. Tí o bá lè fi hàn mí pé ó wà níbẹ̀, mi ò ní gbé e lọ síbì kankan."

"Ó wà níbẹ̀, sà. Ọ̀rọ̀ tó ń jáde ló bàjẹ́. Èyí tó ń wọlé kò bàjẹ́. Màá fi hàn yín."

Kíkẹ́ ti ń dán bàbá rẹ̀ wò kó tó di ọjọ́ yẹn. Ó gbé tábìlì kékeré síwájú bàbá rẹ̀, ó to kọ́kọ́rọ́, ìyarun, ìṣáná, ṣíbí àti awò ojú sórí rẹ̀, ó sì ń ní kó na ọwọ́ sí ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ó pè mí wọlé ní ìrọ̀lẹ́ Tọ́sìdé kí n wá wò ó. "Dádì, èwo la fi ń ṣílẹ̀kùn?" Ọwọ́ òsì rẹ̀, èyí tó kù fún un, jáde lábẹ́ aṣọ ìbora, ó lọ síbi kọ́kọ́rọ́. "Èwo lẹ máa ń wọ̀ tí ẹ bá fẹ́ máàkì ìwé?" Ó lọ síbi awò ojú. Ó ṣe gbogbo rẹ̀ láìṣì. Kíkẹ́ da ipò wọn rú, ó tún ṣe é láìṣì. Mo dìde, mo gbá orí ọ̀rẹ́ mi mọ́ra, n kò sì mọ ohun tí mo ń sọ fún un.

Ọjọ́ kejì, lọ́sàn-án, Kíkẹ́ gbé àga sẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùsùn fún Bàbá Àkàngbé. Ó to àwọn nǹkan náà bó ṣe ń tò wọ́n. "Dádì, èwo la fi ń ṣílẹ̀kùn?"

Tíṣà wo kọ́kọ́rọ́, ó wo ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Kò mira.

"Dádì. Èyí tí a fi ń ṣílẹ̀kùn."

Èjìká rẹ̀ ọ̀tún fà díẹ̀, apá tó ti rọ. Kò sí ohun tó tẹ̀lé e. "Ẹ kú àṣẹ̀yìndè," ó ní, ohùn rẹ̀ sì lọ sílẹ̀ gan-an. Kíkẹ́ bi í ní gbogbo ìbéèrè náà láti orí dé ìdí. Ó bi í lẹ́ẹ̀kan sí i. Mo fẹ́ kígbe mọ́ ọ̀rẹ́ mi pé kó na ọwọ́ rẹ̀, kí ló ń ṣe ẹ́, ìwọ ọkùnrin yìí! Bàbá Àkàngbé jókòó títí ó fi tán, ó sì dìde. Kò pariwo, kò pe ọmọ náà ní onírọ́. Ó gbé ọwọ́ lé e lórí, ó ní kó lọ di ẹrù bàbá rẹ̀.

Mo bá Kíkẹ́ ní fàràǹdá. Ní Stadium, wọ́n ń gbá bọ́ọ̀lù, ariwo èèyàn ń dé ọ̀dọ̀ wa.

"Dádì máa ń sọ fún wa nínú kíláàsì," ó ní, "pé ohun tó ń ṣẹlẹ̀ kìkì nígbà tí èèyàn tiwa ń wò ó, idán ni, kì í ṣe sáyẹ́ǹsì."

"Mo rí i pẹ̀lú ojú mi, Kíkẹ́."

"Ẹ̀yin náà, èèyàn tiwa ni yín."

Ọ̀rọ̀ náà dùn mí, nítorí ó tọ́. Mo jókòó tì í. Níkẹyìn mo sọ ohun tí èmi máa ń sọ fún àwọn ọmọ mi tí nǹkan ò bá hó bó ṣe yẹ kó hó. Mo ní, "Àná ó ṣiṣẹ́, òní kò ṣiṣẹ́. Kí ló yí padà?"

"Kò sí. Tábìlì kan náà ni, àwọn nǹkan kan náà, ìbéèrè kan náà."

"Nǹkan kan yí padà."

"Bàbá Ògbómọ̀ṣọ́ wà níbẹ̀." Ó nu imú. "Bóyá ó ń bẹ̀rù wọn. Èèyàn kì í gbàgbé ibi kọ́kọ́rọ́ wà nítorí ìbẹ̀rù." Ó rọra béèrè. "Ọ́ńkù Sylvester, ọwọ́ wo ló kù fún Dádì?"

"Òsì," ni mo wí, orí mi sì wú bí mo ṣe sọ ọ́ tán.

Èkó la bí Kíkẹ́ sí. Níbí, ọmọ á fi òsì gba nǹkan lọ́wọ́ àgbà, wọn á kàn kígbe mọ́ ọn, wọn á sì gbàgbé. Èmi náà ti pẹ́ nínú rẹ̀. Ṣùgbọ́n Theophilus Ògúntádé, ọmọ tí Àkàngbé tọ́ ní Ògbómọ̀ṣọ́, kí ó na ọwọ́ òsì níwájú ẹ̀gbọ́n rẹ̀, bí wọ́n tilẹ̀ fẹ́ gbé e lọ síbi tí yóò kú sí! Ó gbọ́ ìbéèrè náà. Ó mọ kọ́kọ́rọ́. Ọwọ́ ọ̀tún ló fẹ́ gbé, kò sì lè gbé e.

"Ó ní kí n fi ibi tí ọ̀rọ̀ wà hàn òun," Kíkẹ́ ní, ó ti ń sunkún. "Ó ti wá hàn sí mi. Iṣan ẹ̀jẹ̀ kan ṣoṣo bàjẹ́, nínú ẹran ara, bí ti àkèré rẹ̀, ìdajì èdè lọ, ìdajì kù. Mo jàre. Ṣùgbọ́n ohun tó dá ọwọ́ rẹ̀ dúró lónìí, kò sí nínú ìwé wa kankan. Níbẹ̀, Dádì ló jàre, ohun tí èèyàn fẹnu kò sí ni." Lẹ́yìn náà ló dìde, ó nu ojú rẹ̀, ó ní àwọn á tún ṣe é.

Bàbá Àkàngbé kọ̀. "Èmi, kí n fara pamọ́ nínú ilé àbúrò mi bí olè?" Kíkẹ́ kúnlẹ̀, ó di ẹsẹ̀ rẹ̀ mú. Kò sọ ohun tí ó rò fún un, ó ní òun ò fẹ́ fi ìdáhùn sí i lẹ́nu, kó kàn wò ó. Èmi náà bẹ̀ ẹ́, mo dọ̀bálẹ̀ pẹ̀lú ikùn mi yìí. Nígbà tó pẹ́, ó lọ dúró ní ọ̀ọ̀dẹ̀, lẹ́yìn kọ́tìnì ẹnu ọ̀nà tó fẹ́lẹ́, tí ó lè rí inú yàrá láti ibẹ̀.

Kíkẹ́ to tábìlì. Ó bi bàbá rẹ̀ ní èyí tí a fi ń ṣílẹ̀kùn. Ọwọ́ òsì jáde lábẹ́ aṣọ, ó sì lọ síbi kọ́kọ́rọ́. Èyí tí a fi ń dáná. Ìṣáná. Èyí tí ìyá Kíkẹ́ ń lò ní àárọ̀ kó tó wé gèlè. Ìyarun. Kíkẹ́ wá ní, "Dádì, ẹ na ọwọ́ sí ife." Kò sí ife lórí tábìlì. Tíṣà wò ó yíká, ó gbójú sókè, ó sì wo ọmọ rẹ̀ bó ṣe máa ń wo ọmọ kíláàsì tó fẹ́ fi ọgbọ́n àrékérekè mú un. Ọwọ́ rẹ̀ kò kúrò níbi tó wà. Mo mọ ojú yẹn dáadáa, mo sì ti ń sunkún.

Kọ́tìnì ṣí. Bàbá Àkàngbé wọlé. Kíá, ọwọ́ òsì náà wọ abẹ́ aṣọ ìbora lọ.

Ó dúró sójú kan. Ó ń wo ibi tí aṣọ náà ti ń mì. Kò sí ẹni tó ní láti ṣàlàyé fún un, ilé tí wọ́n ti kọ́ àbúrò rẹ̀ ni wọ́n ti kọ́ òun náà.

"Gbádé," ó ní. "Èmi lò ń bọ̀wọ̀ fún?"

Ó jókòó sórí ibùsùn, ó fi ọwọ́ sábẹ́ aṣọ, ó fa ọwọ́ òsì náà jáde, ó sì fi ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì dì í mú. "Mo fún ọ láyè. Láti òní lọ, ọ̀tún rẹ nìyí lójú mi. Ṣé o gbọ́?" Ó mú kọ́kọ́rọ́ àti ìyarun lórí tábìlì, ó gbé wọn lé itan ara rẹ̀. "Tí o bá fẹ́ bá mi lọ sí orí òkè, mú kọ́kọ́rọ́. Tí o bá fẹ́ wà níbí lọ́dọ̀ aya àti ọmọ rẹ, mú ìyarun. Ohun tí o bá mú ni màá ṣe."

Tíṣà mú ìyarun. Bàbá àgbà náà ní kí ó tún un ṣe, ó pààrọ̀ ipò wọn kó tó bi í. Ó tún mú ìyarun, ó sì dì í mú ṣinṣin, kò fẹ́ fi sílẹ̀. Bàbá Àkàngbé bú sẹ́kún bí ọmọdé. "Ẹ lọ sọ fún onímọ́tò kó má wá mọ́," ó ní.

Ayọ̀ gba Kíkẹ́ lọ́kàn. Ó ń rìn káàkiri yàrá, ó ń fò, ó ń sọ̀rọ̀ sókè bíi pé a dití. "Mo sọ fún yín! Gbogbo rẹ̀ ló ń yé e! Kì í ṣe òní, kì í ṣe àná o, láti ọjọ́ tí ẹ ti gbé e dé láti ọsibítù. Kò sí ọ̀rọ̀ kan tí a sọ nínú yàrá yìí tí kò gbọ́!"

"Láti ọjọ́ wo?"

Edith ló béèrè. Ó dúró lẹ́nu ọ̀nà pẹ̀lú abọ́ ògì lọ́wọ́. N kò mọ ìgbà tó ti débẹ̀.

Kíkẹ́ yí padà, ẹ̀rín ṣì wà lẹ́nu rẹ̀. Ó rí ojú ìyá rẹ̀, ẹ̀rín náà sì lọ. Mo rí i tó ń wá irọ́ tó lè pa. Ó lè sọ pé bóyá láti ọ̀sẹ̀ yìí ni, ó lè sọ pé kò tíì dá òun lójú, mo sì fẹ́ kó sọ bẹ́ẹ̀, Ọlọ́run mọ̀. Ó wo bàbá rẹ̀. Bàbá rẹ̀ kò wò ó, Edith ló ń wò.

"Láti ọjọ́ àkọ́kọ́, Mọ́mì."

"Gbogbo ohun tí mo sọ?"

"Gbogbo rẹ̀, mà."

Edith rọra gbé abọ́ náà sílẹ̀. Bàbá Àkàngbé dìde fún un, Edith sì kúnlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùsùn, ó gbójú sókè sí ọkọ rẹ̀. Ó ya ẹnu, kò sí nǹkan tó jáde. Èmi àti Kíkẹ́ fẹ́ jáde kúrò nínú yàrá, a ò sì lè gbẹ́sẹ̀. Tíṣà fi ìyarun sílẹ̀ sórí ibùsùn, ó gbé ọwọ́ òsì rẹ̀ lé èjìká ìyàwó rẹ̀, ó sì ń dúró kó sọ ohun tó wà lọ́kàn rẹ̀.